Àbọ̀ Iṣẹ́ Kì í Ṣe Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Òtítọ́ ni, bí ọ̀ràn bá jẹ́ ti ìwà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a rán lọ ṣe ìwádìí, odindi ni kó fi jábọ̀.

Ní àdúgbò wa ní Ìtamága, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, àwọn kan wá yẹ omi kànga wa wò. Lọ́jọ́ tí wọ́n jábọ̀ fún àwọn onílé, Gẹ̀ẹ́sì àti òǹkà ni wọ́n kọ kún ara ògiri. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyá àgbà kan dìde, ó ní: “Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé ká máa mu ún, àbí ká má mu ún?” Wọ́n tún ka òǹkà fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, inú kànga kan náà ni àwọn ọmọdé ti ń fa omi mímu.

Ìdáhùn ìbéèrè ìyá yẹn ló yẹ kó ṣíwájú. Àjọ Ìlera Àgbáyé là á sílẹ̀ pé kòkòrò E. coli kò gbọdọ̀ sí rárá nínú 100 mìlílítà omi mímu, nítorí inú ìgbẹ́ ló ti ń wá. Ta ni kò ní gbọ́ èyí? Bí ẹ bá yẹ kànga 10 wò, tí ẹ rí i nínú 6, ẹ to igbá 10 kalẹ̀, kí ẹ dojú 6 dé. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n àti ibi tí ìmọ̀ yín mọ. Paríparí rẹ̀, ẹ ní ká máa se omi náà kó hó dáadáa ká tó mu ún.

Bí ẹnìkan bá ní ìwádìí tòun jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó wo Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún 6. Àbọ̀ wọn kún odindi ìwé, síbẹ̀ gbólóhùn kan gbé e: àwọn ọmọ náà ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin yọ, wọn kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Èdè tó gbé sáyẹ́ǹsì dé iwájú ọmọdé yóò gbé e dé iwájú onílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùwádìí, kí ẹ tó palẹ̀ ẹrù yín mọ́, ẹ bi àwọn olùgbọ́ pé: “Kí ni ẹ óò sọ fún àwọn ará ilé?” Bí wọn kò bá rí i sọ, ẹ kò tíì jábọ̀.