Ọjọ́ Tí A Lọ Gbọ́ Ohùn Àgbá ní Larkhill

Ìròyìn ìrìn àjò tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti etí òkun, kì í sì í ṣe ti ọgbà ẹranko. Larkhill ni a lọ, lórí pápá ńlá Salisbury, níbi tí àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń yin àgbá.

Ohun tó gbé wa débẹ̀ rèé. Ọmọ wa ọkùnrin, tó pé ọmọ ọdún 17 ní oṣù kẹta, sọ pé iṣẹ́ ológun ni òun fẹ́ ṣe, pàápàá ẹ̀ka tó ń fi rédà wá ibi tí àgbá ọ̀tá wà. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè wọ iṣẹ́ náà láìjẹ́ pé òbí fọwọ́ sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni fọ́ọ̀mù fi wà lára fíríìjì wa. Ìyá rẹ̀ kò fẹ́ rí i sójú rárá. A wá pinnu pé kí a tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká lọ fojú ara wa rí ibẹ̀. Ìròyìn ò tó àfojúbà.

A gbéra ní London láàárọ̀ Sátidé, a gba M3, a bọ́ sórí A303, a yà ní Amesbury. Larkhill kò jìnnà sí àwọn òkúta àtayébáyé Stonehenge. Pápá tí àwọn ológun ń lò níbẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bíi hẹ́kítà 38,000. Abúlé kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Imber. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba ní kí gbogbo ará abúlé náà kó jáde nítorí ìdánrawò ológun. Wọn ò padà síbẹ̀ mọ́ títí dòní.

Níbi tí àsíá pupa bá ti ń fẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá. A dúró lẹ́bàá ọ̀nà, a ń gbọ́ ohùn àgbá lókèèrè: gbùù! Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa. Àbíkẹ́yìn wa fọwọ́ bo etí.

Ọmọbìnrin ọ̀rẹ́ wa kan tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ rédà yìí fún ọdún mẹ́fà ló gbà wá lálejò. Inú wa dùn pé ó ṣì ń kúnlẹ̀ kí àgbà, tòun ti bàtà ológun lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó mú bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì kan, ó ní kí àbúrò òun lọ dúró sẹ́yìn ògiri, kó máa jù ú gba orí ògiri kọjá. “Mọ́mì, bọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ máa wò o.” Bọ́ọ̀lù gòkè, ó tẹ̀ kọrọdọ, ó wálẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ìyá ọmọ nawọ́ sí ara ògiri: “Ọ̀gangan ibí yìí ló wà.” A lọ wò ó, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

Ohun tí rédà ń ṣe náà nìyẹn. Ó ń rán ìgbì rédíò jáde sí ojú òfurufú níwájú. Bí ọta àgbá bá gba ibẹ̀ kọjá, ìgbì náà á kọlù ú, á padà wá. Ẹ̀rọ á mọ ibi tí ọta wà báyìí, àti ibi tó wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà á wá fa ìlà náà sẹ́yìn títí dé ẹnu àgbá, á tún fà á síwájú dé ibi tí yóò balẹ̀ sí. Nínú iṣẹ́ akántáǹtì tí a ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì: ẹni tó bá rí àkọsílẹ̀ méjì mẹ́ta lè tọ owó padà dé àpò tó ti jáde.

Ó tún rán wa létí ìgbà èwe wa n’Íbàdàn. Bàbá kan wà ládùúgbò tí kì í dìde lórí àga bí a bá sọ òkò sí máńgòrò rẹ̀. Á kàn wo bí òkò ṣe gba òkè wá, á sì pe orúkọ ilé ẹni tó jù ú. A rò pé ó ní oògùn ni!

Kí rédà tó dé, ìró ni wọ́n ń lò. Ní 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n rán William Lawrence Bragg, ọmọ ọdún 25, lọ sójú ogun láti wá bí ìró àgbá yóò ṣe tú àṣírí ibi tó wà. Ọdún yẹn kan náà ni òun àti bàbá rẹ̀ jọ gba ẹ̀bùn Nobel, ọdún yẹn náà sì ni àbúrò rẹ̀ Robert kú sógun Gallipoli. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ gbọ́ èyí: ilé ìgbẹ́ ni Bragg jókòó sí tó fi kíyè sí i pé bí àgbá kan nítòsí bá dún, afẹ́fẹ́ ń gbé òun sókè díẹ̀ lórí ìjókòó! Ó rí i pé agbára wà nínú ìró náà tí etí kò gbọ́. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Tucker, wá fi wáyà gbígbóná ṣe máìkí tó lè mọ agbára yẹn. Wọ́n to máìkí bẹ́ẹ̀ lọ gbọọrọ. Ìyàtọ̀ àkókò tí ìró fi dé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣírò.

Nígbà tó yá, rédà gba iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ yìí lo Green Archer, wọ́n lo Cymbeline, lẹ́yìn ọdún 2000 ni MAMBA dé. AN/TPQ-37 ti Amẹ́ríkà lè ríran dé 50 kìlómítà. Ní 2022, ìjọba ibí kéde pé àwọn yóò fi irú rédà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Ukraine.

Ìyá ọmọ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó béèrè pé: “Ìwọ tó ò ń wá ọ̀tá, ṣé ọ̀tá ò wá ìwọ náà ni?”

Ọmọ náà ò parọ́. “Wọ́n ń wá wa, Mà. Ẹ̀rọ wọn lè mọ ibi tí ìgbì rédà wa ti ń jáde. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í tàn án pẹ́. A ó tàn án, a ó pa á, a ó kó ẹrù, a ó kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọta bá ń bọ̀, àwa la lè kìlọ̀ fáwọn tó fẹ́ balẹ̀ lé lórí.”

“Àgbá tí ẹ bá wá rí ńkọ́? Ṣé kì í ṣe ọmọ ẹnìkan ló wà nídìí ẹ̀ ni?”

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Nínú mọ́tò, a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé London kí ọmọkùnrin náà tó sọ̀rọ̀. “Dádì, Mọ́mì, ìbéèrè yẹn, mi ò rò ó rí.” Nígbà tí a délé, òun fúnra rẹ̀ ló yọ fọ́ọ̀mù kúrò lára fíríìjì. Ó ní òun ò fẹ́ kí a bá òun fọwọ́ sí i mọ́. Tí òun bá pé 18 ní oṣù kẹta, òun á mọ èyí tí òun máa ṣe. Ìyá rẹ̀ ní kó dáa. Bó bá sì lọ, àwa náà la máa wa mọ́tò tó máa gbé e lọ.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nínú iṣẹ́ ológun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa tó ń bọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sí pápá Salisbury, kó kíyè sí àsíá pupa, kí ọmọ kankan má sì ṣe mú ohunkóhun nílẹ̀, torí ọta tí kò tíì bú lè wà níbẹ̀.