Kẹ̀kẹ́ Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan

Ẹsẹ̀ bàbá mi ló ń tan iná kẹ̀kẹ́ wọn. Dáínámò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn á tì í kí orí rẹ̀ fara kan táyà, bí táyà bá sì ti ń yí, iná á tàn. Bí wọ́n bá ń wà á kíkankíkan, iná á mọ́lẹ̀ kedere. Bí wọ́n bá rọra, á di bàìbàì. Àwa ọmọ tó dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ní Ọ̀fàtẹ̀dó ti ń mọ̀ láti òkèèrè bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n.

Kẹ̀kẹ́ tó wà ní yàrá mi báyìí, òun ló ń dúró de iná. Ọmọ mi tó wà ní Ìlú Ọba ló fi ránṣẹ́ nígbà tí dókítà ní kí n máa lo ara mi nítorí ṣúgà. Kò ní táyà, kò sì lọ síbì kankan. Wíìlì irin tó wúwo kan ló wà níwájú rẹ̀, mágínẹ́ẹ̀tì sì wà létí wíìlì náà. Bí ọ̀nà tó wà nínú áàpù orí fóònù mi bá dé ibi òkè, fóònù á ránṣẹ́ sí kẹ̀kẹ́ láìsí wáyà, mágínẹ́ẹ̀tì á sún mọ́ wíìlì, pẹ́dálì á le, itan mi á sì mọ̀ pé òkè ti dé. Kẹ̀kẹ́ náà á fèsì: iye ìgbà tí mo yí pẹ́dálì ní ìṣẹ́jú kan, àti agbára tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́, wáàtì bíi ti gílóòbù. Nǹkan bíi wáàtì 3 ni irú dáínámò ti bàbá mi ń mú jáde, ó sì tó wọn rí ọ̀nà dé ilé. Èmi ti rí 80 lójú fóònù mi rí. Kò tan iná kankan.

Raleigh ni ti bàbá mi, kẹ̀kẹ́ ológeere dúdú láti Nottingham. Owó wọn ni wọ́n fi rà á, ṣùgbọ́n agboolé ló ni ín. Ẹni tó ń lọ sí Ọjà Ọba l'Óṣogbo á yá a, ẹni tó fẹ́ lọ pàdé àlejò ní ibùdó rélùwéè á yá a. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, orí kárìà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ sí ọsibítù. Àwa tí ẹsẹ̀ wa kò tíì tó pẹ́dálì láti orí ìjókòó, a máa ń ti ẹsẹ̀ kan bọ abẹ́ ọ̀pá, a ó sì wà á ní wíwọ́ bẹ́ẹ̀ títí a ó fi ṣubú. Gbogbo wa ni eékún wa ní àpá kẹ̀kẹ́ yẹn.

Lọ́nà Iléṣà, kẹ̀kẹ́ sọ àwọn Òṣómàáló, àwọn oníṣòwò aṣọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, di ẹni tó lè na ọjà jìnnà. Aṣọ á wà lórí kárìà, wọn á tà á láwìn, ìgbà tó bá yá wọn á padà wá gbowó. Òṣó ni wọn á ló lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde, ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Bí òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bá ga jù, wọn á sọ̀ kalẹ̀, wọn á máa tì í, wọn á sì máa kí ẹni tó ń bọ̀.

Ọ̀fàtẹ̀dó, orúkọ ìlú wa fi hàn pé ọmọ Ọ̀fà ló tẹ̀ ẹ́ dó, ìjàkadì la sì mọ̀ mọ́ Ọ̀fà. Èmi náà bá kẹ̀kẹ́ inú yàrá mi jà lọ́jọ́ kan. Mo ṣí áàpù, ó ń wá kẹ̀kẹ́, kò rí i, kẹ̀kẹ́ sì wà lábẹ́ ìdí mi! Ọmọ-ọmọ mi sọ fún mi lórí fóònù pé, "Bàbá àgbà, ẹ má so ó pọ̀ nínú sẹ́tínìsì, inú áàpù ni kí ẹ ti wá a." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. "Ẹ tan lokéṣọ̀n." Mo tàn án. Pàbó. Àṣé fóònù ìyàwó mi ló dì í mú láti ilé ìdáná. Ó ti gùn ún láàárọ̀, kò sì pa áàpù rẹ̀ dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ ọba ilẹ̀ Denmark kan láyé àtijọ́, Harald Bluetooth, ni wọ́n fi sọ ẹ̀rọ tó ń so wọ́n pọ̀ yìí, nítorí pé ọba náà kó àwọn ènìyàn jọ sábẹ́ àkóso kan. Síbẹ̀, èmi àti ìyàwó mi kò lè jọ bá kẹ̀kẹ́ kan sọ̀rọ̀.

N kò ní purọ́, ìrọ̀rùn wà ńbẹ̀. Tírélà kò lè gbá mi nínú yàrá. Lórí Zwift, áàpù kẹ̀kẹ́ kan tó ti wà láti 2014, ènìyàn lè bá ará Japan àti ará Jámánì rìn ní erékùṣù kan tí kò sí láyé, Watopia, kí wọ́n sì na àtàǹpàkò síra wọn, ìyẹn ni ìkíni ojú ọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó na àtàǹpàkò sí mi kò mọ̀ bóyá ó ti rẹ̀ mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ. Ọmọ aládùúgbò wa, tí kò tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ, ní kí n jẹ́ kí òun gùn ún bẹ́ẹ̀. Ó gùn ún nínú òkùnkùn.

"Bàbá, ibo la dé?"

"A ti kọjá Ọjà Ọba. A ń lọ sí Òkè Báálẹ̀, a ti dojú kọ ọ̀nà Iléṣà."

"Ṣé òkè ni?"

"Òkè ni."

Ó dìde dúró lórí pẹ́dálì, ó ń tẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára. Mo ń ka ọ̀nà fún un, mo sì ń tẹ́tí sí èémí rẹ̀. Kò sí iná lára kẹ̀kẹ́ náà, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó rẹ̀ ẹ́.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni mo wí. "Jẹ́ ká jọ tì í."