Òdòdó alẹ́ ní Madurai: ọjà tí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣú bá

Ẹ̀yin ìyálọ́jà tí ẹ ń ta tòmátì, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ ọjà tí kì í dúró de olówó. Ṣùgbọ́n ti tòmátì ṣì dára, ó lè sùn kó tún jí. Ọjà kan wà ní ìlú Madurai, ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, tó jẹ́ pé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ péré ni ẹ̀mí rẹ̀ mọ lórí igbá. Òdòdó ni. Malli ni wọ́n ń pè é lédè Tamil tí wọ́n ń sọ níbẹ̀.

Malli funfun, ó sì kéré. Lọ́sàn-án, bí ẹ gbé ìrudi rẹ̀ sí imú, bóyá lẹ fi máa gbọ́ òórùn kan. Alẹ́ ni tirẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ìrudi á bẹ̀rẹ̀ sí í là, òórùn á sì máa ta sánsán káàkiri ilé. Irú òdòdó funfun tó ń rùn lálẹ́ báyìí, kì í ṣe ènìyàn ni wọ́n ń ṣe é fún o. Àfòpiná tó ń fò lóru ni wọ́n ń pè, kó lè fi imú gbọ́ wọn, kó sì fi ojú rí wọn nínú òkùnkùn.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Èyí tó bá ti là, ó ti bọ́ lọ́wọ́ olùtajà. Ìrudi tó ṣì dì mọ́ra ni oníbàárà ń rà, kó lè là lórí òun fúnra rẹ̀ lálẹ́. Òórùn tí kò tíì jáde ni gbogbo ọjà Madurai ń ná lówó.

Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń lọ sóko. Àwọn obìnrin á so tọ́ọ̀ṣì mọ́ orí, wọ́n á sán aṣọ mọ́ ìdí bí àpò, wọ́n á máa já ìrudi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló ń pé kílò kan, kílò yẹn ni wọ́n sì fi ń sanwó fún wọn. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Gbígbìn rẹ̀ náà gba ọgbọ́n. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbìn. Ó fẹ́ ilẹ̀ pupa tí omi kì í dúró sí, ó fẹ́ ìgbẹ́ màlúù, ó fẹ́ oòrùn gbangba. Tó bá di ìparí oṣù kọkànlá, wọ́n á gé gbogbo igi náà títí yóò fi ku bí ìdajì mítà sílẹ̀. Ẹni tí àánú igi bá ń ṣe tí kò gé e, ewé ni yóò máa kó. Èyí tí wọ́n bá gé, tí wọ́n bomi rin, tí wọ́n sì ń ṣọ́ kòkòrò tó ń jẹ inú ìrudi rẹ̀, ó lè máa mówó wálé ju ọdún mẹ́wàá lọ.

Mattuthavani ni ọjà òdòdó ńlá wà ní Madurai. Ibẹ̀ ni àpò ń já sí láàárọ̀, tí alágbàtà á gbé e sórí ìwọ̀n. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ti yáwó lọ́wọ́ alágbàtà ṣáájú, kò sì lè gbé ọjà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Láti ibẹ̀, ọkọ̀ ń gbé e lọ sí Chennai, bàálù ń gbé e lọ sí Dubai àti Singapore.

Owó rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà tó bá pọ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, kílò kan lè wálẹ̀ dé rúpì 300 tàbí kó tún dín. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń fún òróró lọ́fíńdà á wá kó èyí tó ṣẹ́kù lọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n tí òtútù bá dé, tí òdòdó wọ́n, tí ọdún Pongal sì wọlé ní oṣù kìn-ín-ní, kílò kan ti ju rúpì 3,000 lọ rí. Àgbẹ̀ tó ní apẹ̀rẹ̀ kún lóṣù karùn-ún lè má rí owó iṣẹ́ san, ẹni tó já ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lọ́dún Pongal á máa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2013, wọ́n fi orúkọ Madurai Malli sínú ìwé òfin ní Íńdíà, pé malli ibòmíràn kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ wá wo àwọn obìnrin tó ń so ó lójú títì àti lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Meenakshi. Kò sí abẹ́rẹ́. Okùn tí wọ́n ya lára ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n fi ń dì í, méjì síhìn-ín, méjì sọ́hùn-ún, ọwọ́ wọn á sì yára bí ẹni ń ka owó. Wọn kì í wọ̀n ọ́n lórí ìwọ̀n mọ́. Láti ìgbọ̀nwọ́ títí dé orí ìka ni òṣùwọ̀n, muzham ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kóńgò tí wọ́n lù nídìí, ẹ ó mọ̀ pé apá olùtajà ló yẹ kí oníbàárà kọ́kọ́ wò!

Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò dùn. Àṣà àtijọ́ wọn sọ pé opó kò gbọdọ̀ fi òdòdó sórí. Bẹ́ẹ̀, opó tó fi síso òdòdó bọ́ ọmọ wà. Ó ń so ó fún ìyàwó tuntun, ó ń so ó fún òrìṣà, òun alára kò fi ọ̀kan sórí. Lóde òní, àwọn mìíràn ti kọ àṣà náà, wọ́n ń fi sórí láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Tó bá di alẹ́, malli á là lórí ẹni tó rà á. Lọ́jọ́ kejì á ti rọ, wọ́n á sì dà á nù. Nígbà yẹn, àwọn tó ń já a ti padà sóko pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lórí.