Ibùwọ̀ Wa ní Párís

Ẹ̀yin aya àti ìyá ọmọ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi kò wo ilé rárá. Owó ilé nìkan ni mo wò.

Ní ọdún 2025, èmi àti olówó orí mi gbéra láti Lọ́ńdọ̀nù tí a ń gbé, a wọ ọkọ̀ ojú irin tí ń gba abẹ́ òkun kọjá, ó di Párís fún ọjọ́ mẹ́rin. Ọmọ wa kò ju oṣù márùn-ún lọ, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì fi gbẹ̀bí mi. Mo rí yàrá olówó pọ́ọ́kú kan ní àdúgbò kejìdínlógún, mo yára sanwó. Ìgbà tí a débẹ̀ ni a tó mọ̀ pé òkè kẹfà ni, ilé àtijọ́ tí kò ní lífítì. Baálé mi gbé ọmọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, èmi gbé àpò. Kí n tó dókè, ojú abẹ ti ń ta mí. Ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ní ọjọ́ kejì, inú yàrá ni mo jókòó sí, mo ń fi oorun ọmọ ṣe àwáwí.

Lálẹ́, mo kúnlẹ̀. “Ẹ forí jì mí. Owó nìkan ni mo wò, ara sì ń ro mí.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Èmi náà ni mo ní kí o wá èyí tí kò wọ́n. N kò bi ọ́ bí ara rẹ ti rí.”

Ní òwúrọ̀, a kó lọ sí Bercy, ní àdúgbò kejìlá. Yàrá ibẹ̀ kéré, ó sì wọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó ní lífítì, ó sì súnmọ́ ọ̀nà kẹrìnlá ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, tí gbogbo ibùdókọ̀ rẹ̀ ní lífítì. Ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀ àtijọ́ ìlú náà kò ní. Ibùdókọ̀ kejì ni Châtelet. Láti ibẹ̀ ni a ti rọra rìn lọ wo Notre-Dame, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí iná jó ní 2019, tí wọ́n tún ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè òkè tí yàrá wà, bóyá lífítì ń bẹ, àti bí ibùdókọ̀ ti jìnnà tó. Ẹ tún béèrè bóyá wọn yóò dá owó padà bí ẹ kò bá lè wá. Àdúgbò 20 ni Párís pín sí, a ń kà wọ́n láti àárín ìlú yípo bí ìkarahun ìgbín. 12 tí ó gbẹ̀yìn 75012 nínú àdírẹ́sì ni ó ń sọ pé àdúgbò kejìlá ni.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí ara bá ń ro yín, ẹ sọ ọ́ fún ọkọ yín kí ẹ tó kúrò nílé.