Àtúnṣe Yàtọ̀ sí Àfirọ́pò: Mobylette Bàbá Mi

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe náà ní ààlà. Bí a bá wó gbogbo ògiri, tí a sì kọ́ òmíràn, a kò lè sọ mọ́ pé ilé ti àná ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn mi nígbà tí mo ń tún Mobylette bàbá mi ṣe ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kétu.

Ilé-iṣẹ́ Motobécane ti ilẹ̀ Faransé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Mobylette ní ọdún 1949. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kéré, 49 cc péré, a sì lè fi ẹsẹ̀ wà á bíi kẹ̀kẹ́ bí epo bá tán. Bàbá mi gùn ún lọ sí oko, ó gùn ún lọ sí ọjà, ó sì gùn ún lọ kí Alákétu ní ọjọ́ ọdún. Lẹ́yìn tí ó wọ káà ilẹ̀, ọdún mọ́kànlá ni alùpùpù náà fi wà lábẹ́ àká. Àwọn àbúrò mi fẹ́ tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí a kùn ún ní ọ̀dà tuntun, kí a gbé e sí pálọ̀ bí ère. Ìpàdé ẹbí wá fún mi ní oṣù mẹ́ta àti 40,000 fáráǹkì CFA. Bí kò bá rìn, kí a tà á.

Bí a kò bá rí àdàn, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹ́ńjìnnì ti gan. Mo yọ bujíì, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pulọ́ọ̀gì, mo da epo ẹ́ńjìnnì tí mo fi kẹrosíìnì là sí ojú ihò rẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rọra yí i. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni mo fi fọ ìpẹtà inú táǹkì. Mo fi sáńpépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nu ojú irin kékeré méjì tí ń fún bujíì ní iná. Ihò tín-ń-rín inú kabúrétọ̀, ẹ̀sáńsì àti afẹ́fẹ́ ẹnu ni mo fi ṣí i; ẹni tí ó bá ki wáyà bọ̀ ọ́ yóò mú kí ihò náà fẹ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa mu epo ju bí ó ti yẹ lọ. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023, kpayo inú ìgò kò pọ́ọ́kú mọ́. Fún lítà ẹ̀sáńsì kan, mílílítà 40 epo ẹ́ńjìnnì ni mo ń pò mọ́ ọn, mo sì ń fi aṣọ sẹ́ ẹ kí n tó dà á sínú táǹkì.

Táyà méjì àti túùbù wọn gba ìdajì owó náà. Okùn ìjánu, bujíì àti bẹ́líìtì gba èyí tí ó pọ̀ nínú ìyókù. Ohun tí ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́, tuntun ni mo rà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà búlúù tí oòrùn ti pa láró, n kò fọwọ́ kàn án, nítorí orúkọ ìdílé wa tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì náà dún ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ irin àlòkù.

Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè kan náà ni ó wà níwájú ìlú wa. Ogun Dàhòmì pa Kétu run ní ọdún 1886, àwọn tí ó padà wá sì tún un tẹ̀ dó. Nítorí pé wọn kò pa Àkàbà Ìdẹ́nà tì ni a fi rí i fi han ọmọ lónìí. Ní Àjàṣẹ́ ẹ̀wẹ̀, àwọn ilé Àgùdà ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, bulọ́ọ̀kù sì ń gba ipò wọn. Kí a tó wó ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè èyí tí a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ kí ó lè máa ṣiṣẹ́, àti èyí tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ kí ó lè máa jẹ́rìí. Ẹni tí ó bá ní ogún bàbá rẹ̀ lábẹ́ àká, kí ó kọ́kọ́ nu eruku ara rẹ̀ ná, kí ó tó dá iye lé e.