A Jẹ Ẹ̀kọ, A Kò Dárí Ji Ewé

Òkú kan wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sunkún rẹ̀. Kò sí ẹni tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ nítorí rẹ̀, kò sí ẹni tó pe ọmọ jọ pé ẹ wá wo ojú rẹ̀ kẹ́yìn. Ewé tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ ló kú. Adùn tó wà nínú títú ewé náà láàárọ̀ kùtùkùtù bá a kú, àwa tó jẹun lára rẹ̀ sì ń bá tiwa lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Mo fẹ́ sunkún rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ní kí ni ewé jẹ́ tí àgbàlagbà fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ jókòó tì mí díẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ̀kọ tútù eléwé rí, ẹ rántí. Ó ti sùn mọ́jú, ó ti dì, ara rẹ̀ ti tutù. Bí a bá mú un dání, ewé á ti rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣá díẹ̀ nítorí iná tó bà á lálẹ́ àná. A ó wá ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ sí, a ó sì máa ṣí i ní ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan. Ewé kì í já. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló máa ń bọ́ kúrò lára ẹ̀kọ, títí ẹ̀kọ á fi jókòó síta ní funfun, gbogbo ilà ewé á sì wà lára rẹ̀: ilà tó la àárín kọjá, àti àwọn tínínrín tó yà sọ́tùn-ún sósì. Nígbà náà ni òórùn rẹ̀ á jáde. Ó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé òórùn yẹn fún ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Òórùn igbó ni, òórùn ilẹ̀ tí òjò àná kò tíì gbẹ lára rẹ̀, tó wá pàdé kíkan ògì. Kí á tó bu ẹ̀kọ sẹ́nu ni a ti ń jẹ ẹ́ nímú.

Ohun tó máa ń kù lára ewé ńkọ́? Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, àwa ọmọdé a sì máa fi eyín họ ọ́. Ẹni tó bá ní àkàrà gbígbóná lọ́wọ́ kejì, àárọ̀ rẹ̀ ti dára. Àwọn mìíràn á fi ẹ̀fọ́ rírò jẹ ẹ́, àwọn mìíràn á fi mọ́ínmọ́ín. Olówó ń jẹ ẹ́, tálákà ń jẹ ẹ́. Aláìsàn tí ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ gbogbo a máa gba ẹ̀kọ. Ìyá ọmọ tuntun, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná fún un kí omi ọmú lè wá. Kò sí ẹni tó ń pe nǹkan wọ̀nyí ní ìgbádùn nígbà náà. Ẹ̀kọ ni, a jẹ ẹ́, a lọ síbi iṣẹ́ àti ilé ìwé. Àṣé inú ìgbádùn ni a wà.

Ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa ní Ìbàdàn kò ní ṣọ́ọ̀bù, kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Àgbàdo funfun ni ó ń rẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó gbé e lọ sí ibi ìlọta. Bí ó bá dé, á fi aṣọ sẹ́ ẹ, á jẹ́ kí ògì tòrò sísàlẹ̀. Omidùn tó bá dà kúrò lórí rẹ̀ kì í ṣòfò, àwọn tó fẹ́ rẹ àgbo a máa gbé ṣágo wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ni ìkòkò ńlá á gorí iná igi, òun á sì máa rò ó títí tí ojú rẹ̀ á fi máa dán.

Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ rẹ̀ á yí i ká. Àwọn kan ń fọ ewé, àwọn kan ń nù ún tojú tẹ̀yìn, àwọn kan ń gé igi ìdí rẹ̀, wọ́n ń ya èyí tó gbòòrò sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kéré. Màmá á mú ewé kan, á ká a sínú àtẹ́lẹwọ́, ẹnu á là, ìdí á pa dé. Á fi ìgbákọ bu ògì tó ń hó sínú rẹ̀, á ṣẹ́ ẹnu ewé sábẹ́, á gbé e kalẹ̀. Kò sí okùn níbẹ̀, kò sí kókó. Ìwúwo ẹ̀kọ fúnra rẹ̀ ló ń pa ẹnu ewé dé títí ilẹ̀ á fi mọ́. Iná ògì ti sọ ìka ọwọ́ màmá di líle, kò ka gbígbóná sí mọ́. Bí wọ́n ti ń pọ́n ni wọ́n ń sọ̀rọ̀: ta ló bímọ, ta ló ń ṣàìsàn, ìjà àárín tọkọtaya wo ni ó yẹ kí àgbà lọ bá wọn parí. Ọmọ tó bá ń tòògbé, wọ́n á pa àlọ́ kan fún un kí ojú rẹ̀ lè là. Láàárọ̀, bí wọ́n bá rán wa lọ ra ẹ̀kọ, èènì kò ní ṣàìsí nínú rẹ̀, ọmọ tó bá sì kúnlẹ̀ kí màmá dáadáa lè gba méjì.

Ìyá ẹlẹ́kọ lọ. A sin ín, a jẹ, a mu. Àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà lẹ́nu òwò mìíràn, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí wọ́n mọ ohun tí ẹ̀kọ pípọ́n ṣe sí ẹ̀yìn àti ọwọ́ ìyá wọn. Nígbà tí wọ́n ń dágbére fún un pé ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́run ni kí ó bá wọn jẹ, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí ó bá jẹ́ ẹ̀kọ ni, kò sí ẹni tó lè bá wọn pọ́n ọn tó yín, Màmá.

Ewé náà ní ilé tirẹ̀. Ewé eéran ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbìn lẹ́yìnkùlé. Abẹ́ igi ńlá ló ń gbé, níbi tí oòrùn kò ti rí ọ̀nà wọlé, ewé kọ̀ọ̀kan á sì gun igi tirẹ̀ gbọọrọ láti inú ilẹ̀ wá. Láti igbó Òndó, Ifẹ̀ àti ìhà Iléṣà ni ìdì rẹ̀ ti ń wọ ọjà wa. Igi rẹ̀ pàápàá wúlò, òun ni wọ́n ń tò sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Ní ìdí rẹ̀, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ni èso pupa kan ń so. Ọmọ oko tó bá fi ẹnu lá inú èso yẹn, ọsàn kíkan á máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1855, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi kún orúkọ ewé náà nínú ìwé àwọn onímọ̀: Thaumatococcus daniellii. Ní ọdún 1972 ni àwọn onímọ̀ ṣàlàyé èròjà tó ń mú un dùn, thaumatin, tó fi ìlọ́po tó ju 2,000 lọ dùn ju ṣúgà. Ayé ń wá èso náà kiri, àwa tó ni ewé kò rí àyè fún ewé.

Igbó náà ń tán. Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí aráyé tọ́jú ní ọdún 1977, ayùn àti oko ti jẹ ẹ́ wọnú. Igbó Olúwá ní Ìpínlẹ̀ Òndó náà kò sàn jù ú lọ. Bí igi ńlá bá ti wó, òjìji wó, ewé tó ń gbé abẹ́ òjìji kò sì níbi tí yóò forí pamọ́ sí. Ewé wọ́n lọ́jà. Ọ̀rá kò wọ́n. Ẹlẹ́kọ tó ń wá owó ìwé ọmọ, kí ni kí ó ṣe? Báyìí ni ọ̀rá ṣe wọlé, tí ó sì jókòó. Mọ́ínmọ́ín bọ́ sínú ọ̀rá àti agolo, ẹ̀kọ bọ́ sínú ọ̀rá, ó ń làágùn níbẹ̀. A ń fi eyín fa ìdí rẹ̀ ya. Kò ní ilà lára, kò ní òórùn igbó. Ẹ̀kọ ni lóòótọ́, ó ń yó ni, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò tún dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ohun tó dùn mí jù lọ wà lókè òkun. Àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè nínú ọkọ̀ kò rí ewé eéran kó dání. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n dé Bahia ní Brazil, wọ́n wá ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ wọn, wọ́n ń pè é ní acaçá, wọ́n sì ń gbé e síwájú òrìṣà títí di òní. Mọ́ínmọ́ín wọn, abará, inú ewé ni òun náà wà. Ní Kúbà, wọ́n ń pe ẹ̀kọ ní ekó, inú ewé ni. Ẹrú tí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n gba ewé. Àwa tí a kò kúrò nílé, tí ẹnikẹ́ni kò lù, ni a fi ọwọ́ ara wa jù ú nù.

Ewúrẹ́ ló máa ń jẹ ewé ẹ̀kọ tí a bá jù sílẹ̀, èyí tó bá kù á jẹrà lẹ́yìn òjò díẹ̀. Ewúrẹ́ ṣì ń wá síbẹ̀. Ọ̀rá ló ń jẹ báyìí, ọ̀rá á dì í nínú, á sì pa á. Èyí tí ewúrẹ́ kò jẹ ń lọ dí ojú gọ́tà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní oṣù Kìíní ọdún 2024 pé àwọn fòfin de abọ́ fọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí. Mo gbọ́, mo sì ń retí pé bóyá ẹnìkan á dárúkọ ewé.

Bí a bá jẹ ẹ̀kọ, à dárí ji ewé: bẹ́ẹ̀ ni àwọn bàbá wa ń wí fún ẹni tí inú ń bí. Mo pa òwe náà létí ọmọ ọmọ mi. Ó wò mí, ó ní, “Bàbá àgbà, ewé wo?”

Mo lọ sọ́jà lọ wá a fún un. Mo rí i lọ́wọ́ obìnrin kan ṣoṣo, owó rẹ̀ sì ga. Ó ní àwọn olóde àríyá ni oníbàárà òun báyìí, pé mọ́ínmọ́ín eléwé ti di ohun ìyangàn lórí tábìlì ìnáwó. Ohun tí gbogbo wa ń fi jí láàárọ̀ ló ti di ti ọjọ́ ìnáwó, ti ẹni tó bá rówó ná. Mo ra ìdì kan wálé. Ìyàwó mi se ògì, gbogbo wa jókòó yí i ká. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ̀ ọ́n pọ́n. Bí a ti ń ká ewé ni ìdí rẹ̀ ń là, ògì ń jò sílẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ, ẹ̀yin lẹ mọ bí wọ́n ti ń ká a, ẹ kò sì sí nílé tí à bá fi ránṣẹ́ pè yín.