Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ, Ti Àgbàlagbà Kò Wọ Kèrègbè: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ̀ǹpútà Mọ̀ nípa Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ Yunifásítì, bí ìdánwò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, wọn a pín fọ́ọ̀mù kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè sọ èrò wọn nípa olùkọ́ tó kọ́ wọn. Ní ibòmíràn, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni fọ́ọ̀mù náà wà. Àwọn ìbéèrè inú rẹ̀ kò le: Ǹjẹ́ olùkọ́ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀? Ǹjẹ́ ó máa ń tètè dé? Ǹjẹ́ àlàyé rẹ̀ yé ọ? Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà a fa igi sí "Ó dára púpọ̀" láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìka ìbéèrè kankan, a sì dá fọ́ọ̀mù padà kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Kì í ṣe pé kò ní ohun tí ó fẹ́ sọ. Bí ó bá dé yàrá rẹ̀ lálẹ́, ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan náà lè gbà á ní wákàtí méjì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rù ló fà á. Olùkọ́ tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni yóò fi máàkì sí ìwé ìdánwò. Òun kan náà lè jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ní ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní mọ ẹni tó kọ ọ́, ṣùgbọ́n lórí ìkànnì tí ó jẹ́ pé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọlé, ta ni yóò gba ìlérí bẹ́ẹ̀ gbọ́? Ìtọ́dàgbà náà tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ láti kékeré pé kò gbọdọ̀ wo ojú àgbà kí ó ní ohun tí àgbà ṣe kù díẹ̀ káàtó, tí ó ń dọ̀bálẹ̀ kí "Próf, sà" láàárọ̀, báwo ni yóò ṣe fún Próf ní máàkì 2 nínú 5 lọ́sàn-án?

Ohun tí wọ́n ń sọ lálẹ́ yẹn ló yẹ kí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bírò àti ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Nàìjíríà, orí ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe ìdánwò bí a ṣe ń kọ ètò fún ẹ̀rọ. Yóò fi bírò kọ èdè C++ tàbí Java láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà ogójì. Bí ó bá gbàgbé àmì kékeré kan ní ìparí ìlà, máàkì ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ wà níwájú rẹ̀ ni, kí ó tó ṣẹ́jú ni ẹ̀rọ ìbá ti sọ fún un pé ìlà báyìí ni àṣìṣe wà. Ìwé kì í sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí rí mọ̀ pé inú àṣìṣe gan-an ni iṣẹ́ náà wà: kí ènìyàn kọ ọ́, kí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́, kí ó wá ibi tí ó ti wọ́, kí ó tún un kọ. Ẹ̀kọ́ tí kò fi àyè sílẹ̀ fún èyí dà bí ẹni tó ń kọ́ ènìyàn ní lílúwẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ìwà ìkà olùkọ́ kọ́ ló bí èyí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tó ọgọ́rùn-ún mẹ́ta nínú kíláàsì kan ṣoṣo, kí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìṣiṣẹ́ má pé ogún, kí iná mànàmáná sì lọ ní ọjọ́ tí ó kàn wọ́n láti wọlé. Olùkọ́ tó bá yan bírò àti ìwé ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ló yàn. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kì í béèrè nípa yàrá ìṣiṣẹ́. Olùkọ́ nìkan ni wọ́n fi sórí òṣùwọ̀n.

Ìyanṣẹ́lódì wá fi kún un. Láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2020, àti láti ọjọ́ 14 oṣù Èrèlè títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, àwọn olùkọ́ Yunifásítì ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Nínú oṣù gbọọrọ wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tó rówó ra dátà lọ kọ́ ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Àwọn kan bá ẹ̀kọ́ CS50 pàdé, èyí tí David Malan ń kọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn rí olùkọ́ ará Íńdíà lórí YouTube. Ohun tí kò yé wọn fún ọdún méjì wá yé wọn ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ṣáájú ìgbà náà, wọ́n rò pé agbárí àwọn ló le ni. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣí, òṣùwọ̀n ti dé ọwọ́ wọn, ìbínú sì bá a dé. Ẹni tó ń fi olùkọ́ rẹ̀ wé Malan kì í rántí pé ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ ló yí ti Harvard ká, nígbà tí ìjọba dá owó oṣù olùkọ́ tiẹ̀ dúró ní àsìkò ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022.

Ǹjẹ́ èrò akẹ́kọ̀ọ́ ṣeé gbára lé bí? Nínú ẹ̀ka kan náà, olùkọ́ kan lè máa yọ́ ìbéèrè ìdánwò sọ fún kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹlòmíràn a máa fún wọn níṣẹ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì ní gba iṣẹ́ tí ẹnìkan dà kọ lára ẹnìkejì. Ti ẹni àkọ́kọ́ ni ìyìn. Bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Bí ọdún mẹ́ta bá kọjá, tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ gbé kọ̀ǹpútà síwájú wọn pé kí wọ́n kọ ètò kan lójú ẹsẹ̀, orúkọ ẹnìkejì ni wọ́n ń dá. Scott Carrell àti James West rí ohun tó jọ èyí ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà, nínú ìwádìí ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010: àwọn olùkọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fún ní máàkì gíga ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn kò ṣe dáadáa tó nínú ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 2015, Lillian MacNell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé òmíràn jáde láti Amẹ́ríkà kan náà. Nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, olùkọ́ ọkùnrin kan àti obìnrin kan pààrọ̀ orúkọ fún apá kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ó jẹ́ ọkùnrin ló gba máàkì tó ga jù. Ìgbà kan náà ni iṣẹ́ padà sọ́wọ́ gbogbo wọn, síbẹ̀ ẹni tí wọ́n rò pé ó jẹ́ obìnrin ni wọ́n ní kò yá tó.

Nítorí náà, ìbéèrè ló nílò àtúnṣe. Bóyá ìmọ̀ Próf jinlẹ̀, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì kò tó pẹpẹ yẹn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n bi. Inú kèrègbè ni kí wọ́n rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kí ó sì ka ohun tó bá rí níbẹ̀. Nínú ọ̀sẹ̀ 15, ẹ̀ẹ̀melòó ni olùkọ́ wá? Wákàtí mélòó ni ọwọ́ rẹ fi kan kọ̀ǹpútà? Ìwé ìdánwò kékeré tí o ṣe, ṣé ó padà sọ́wọ́ rẹ, ṣé wọ́n sì fi ibi tí o ti ṣìnà hàn ọ́? Nígbà tí o béèrè ọ̀rọ̀ ní kíláàsì, kí ni olùkọ́ fi dá ọ lóhùn?

Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí wúwo ju àwọn yòókù lọ. Nínú kíláàsì kan, ọmọbìnrin kan ní ìjókòó ẹ̀yìn lè nawọ́ sókè pé kí olùkọ́ jọ̀wọ́ tún ìlà kẹta ṣàlàyé, kí olùkọ́ ní, "Ìwọ nìkan ni kò yé?" kí gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Kò yé ìdajì àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà. Láti ọjọ́ yẹn títí sáà fi parí, kò sẹ́ni tó tún nawọ́. Olùkọ́ a sì máa lọ sílé pẹ̀lú ìdánilójú pé ẹ̀kọ́ òun yé wọn yékéyéké.

Bí wọ́n bá sì béèrè, kí wọ́n dúró di ìgbà tí èsì ìdánwò bá ti jáde, kí ẹni tí kò sí lábẹ́ olùkọ́ náà kó ìdáhùn jọ, kí wọ́n sì ka iye tí wọ́n rí níwájú kíláàsì tuntun pẹ̀lú ohun tí ẹ̀ka náà ti tún ṣe. Títí di ìgbà náà, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé yóò máa gba ìròyìn lẹ́nu àwọn ará iwájú nígbà tí wọ́n bá lọ ra ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ lọ́wọ́ wọn: olùkọ́ tí kì í wá, èyí tí ìwé rẹ̀ di dandan láti rà, èyí tí ó yẹ kí wọ́n tètè dé kíláàsì rẹ̀ kí wọ́n lè rí ìjókòó iwájú. Ìròyìn yẹn a máa pé pérépéré, orúkọ a sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú rẹ̀ tó wọ inú fọ́ọ̀mù.